Kòkòrò Sányán, Ẹsẹ̀ Tí Ń Gbọ̀n àti Fítámì B1

Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀, láti oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹwàá, àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún rí kí wọ́n tó mọ ohun tó ń fà á. Ara ẹni náà le koko tẹ́lẹ̀. Yóò jẹun tán, èébì á dé. Lẹ́yìn èébì ni gbogbo ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, láìsí ibà, láìsí òtútù. Ojú rẹ̀ kò ní dúró lójú kan mọ́, yóò máa já síhìn-ín, yóò máa já sọ́hùn-ún. Bó bá dìde, ẹsẹ̀ kò ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Bó bá gbé ife omi, omi náà á ti dànù tán kí ife tó kan ètè. Àwọn mìíràn kì í mọ ibi tí wọ́n wà mọ́.

Kò ṣòro láti mọ ohun tí ará ilé yóò kọ́kọ́ sọ nílẹ̀ Yorùbá bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń rìn kiri lánàá. Ayé ti ṣe é nìyẹn. Àwọn dókítà náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù wá lọ lákọ̀ọ́kọ́, èdè tí wọ́n fi sọ tiwọn ló yàtọ̀. Ní 1958, J. Wright àti David Morley kọ nípa àìsàn yìí nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet, wọ́n sì pè é ní àìsàn ọpọlọ tó ń múni gbọ̀n. Morley yìí ni òyìnbó tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tó sì fi Ìmẹ̀sí-Ilé ṣe ibùdó ìtọ́jú àwọn ọmọdé. Òun ló fi káàdì tí a fi ń wo bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i lóṣooṣù lé àwọn ìyá lọ́wọ́. Ní 1972, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ti Ìbàdàn tún kọ̀wé lórí àìsàn náà nínú British Medical Journal. Ọ̀ṣuntókun ló mọ àìsàn iṣan ara nílẹ̀ wa jù lọ láyé ìgbà náà. Òun náà ló ti tọpinpin àìsàn mìíràn tó jọ èyí, tí ń ba iṣan ẹsẹ̀, etí àti ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lára àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ lọ́dọọdún láìjẹ nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Kí òǹkàwé má ṣe da méjèèjì pọ̀ o. Ti ẹ̀gẹ́ a máa rọra wọlé, a sì máa pẹ́ lára. Ti àsìkò òjò yìí a máa já lu ènìyàn lójijì.

Ìkàrẹ́-Àkókó ni ọ̀rọ̀ náà ti wá yanjú. Bọ́lá Adámọ́lẹ́kún, dókítà iṣan ara, kọ lẹ́tà sí The Lancet ní 1993 pé jíjẹ kòkòrò kan báyìí, Anaphe venata lórúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, bá àìsàn yìí rìn. Ní 1994, òun àti F. R. Ìbíkúnlé tẹ ìwádìí jáde lórí àjàkálẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkàrẹ́ gan-an. Wọ́n bi àwọn aláìsàn ní ìbéèrè tí ó yẹ kí á ti bi wọ́n láti ìgbà pípẹ́: kí lẹ jẹ?

Kòkòrò tí wọ́n jẹ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọ̀kan ni nínú ìdílé àwọn kòkòrò tí òwú sányán ti ń wá, òwú aláwọ̀ ilẹ̀ tí a fi ń hun aṣọ tí bàbá ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Igi arẹrẹ ló fẹ́ràn láti máa jẹ ewé rẹ̀. Kì í dá gbé. Ọgọ́rùn-ún wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wọ inú ìtẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n jùmọ̀ fi òwú hun, ìtẹ́ tó le bí awọ. Bí wọ́n bá sì ń lọ láti orí igi kan sí òmíràn, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ara wọn kún fún irun wẹ́wẹ́ tó ń yún ni. Nítorí irun yìí ni wọ́n ṣe ń yan wọ́n nínú yanrìn gbígbóná: wọ́n á da yanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò, wọ́n á gbé e ka iná, bó bá gbóná tán wọ́n á da kòkòrò sí i, wọ́n á máa rò ó títí irun yóò fi jó dànù tí ara rẹ̀ yóò sì gbẹ. Wọ́n á kù ú, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, ó di jíjẹ. Ó lọ́ràá, ó ládùn lẹ́nu, èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ kò sì kéré rárá. Níbi tí ẹran ti wọ́n, mi ò rí ẹni tó lè dá àwọn tó ń jẹ ẹ́ lẹ́bi.

Báwo wá ni oúnjẹ tó dára báyìí ṣe ń sọ ènìyàn di ẹni tí kò lè dá rìn? Májèlé kọ́ ló wà nínú rẹ̀ bí a ṣe mọ májèlé sí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni nǹkan kan tí ń gé fítámì B1 sí wẹ́wẹ́, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní thiaminase. Fítámì B1 fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní thiamine. T. Nishimune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Japan yẹ kòkòrò yìí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní 2000: thiaminase wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ó sì gba ooru mọ́ra gan-an. Ooru tó tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ọwọ́ ènìyàn kò lè gbà, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù. Nítorí náà, kòkòrò tí wọ́n kàn yan títí irun rẹ̀ fi jó, tí inú rẹ̀ kò jinná délẹ̀, gbogbo ohun ìjà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Kí á wá wo ohun tí B1 ń ṣe. Gbogbo iyán, ẹ̀bà, láfún, púpurú àti ìrẹsì tí a ń jẹ, ṣúgà ni wọ́n ń dà nínú ara, ṣúgà yìí ni ara sì ń sun láti fi rí agbára. B1 ni ìṣáná ibẹ̀: kí igi pọ̀ tó báwo nínú ààrò, bí kò bá sí ìṣáná, ìkòkò kò lè hó. Bí ìṣùpọ̀ oúnjẹ bá ṣe tóbi tó ni B1 tí ara yóò lò ṣe ń pọ̀ tó. Ọpọlọ ló kọ́kọ́ ń fara gbá a, nítorí ṣúgà ni ọpọlọ fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, òun nìkan sì ń jẹ tó ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń lò bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Apá ẹ̀yìn ọpọlọ tó ń mú kí ìrìn gún àti apá tó ń darí ojú wà lára àwọn tí ìyà ń kọ́kọ́ jẹ. Ìdí rèé tí ojú fi ń já, tí ẹsẹ̀ fi ń gbọ̀n.

Ara kò sì lè tọ́jú B1 pamọ́ fún ìgbà pípẹ́ bó ṣe ń tọ́jú ọ̀rá. Gbogbo èyí tó wà lára àgbàlagbà kò ju bí ọgbọ̀n mílígíráàmù lọ. Bí kò bá rí òmíràn jẹ, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ó ti ń tán. Adámọ́lẹ́kún àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi èyí ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tí àìsàn ń mú kì í ṣe ẹni tí B1 pọ̀ lára wọn tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, oúnjẹ afúnnilágbára nìkan ni, ẹ̀gẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kò ní B1 kan tó tó nǹkan, èròjà inú rẹ̀ sì tún ń di èyí tó wà lọ́wọ́. Etí bèbè ni wọ́n ti ń rìn láìmọ̀. Kòkòrò dé lásìkò òjò, ó gba ìwọ̀nba tó kù, wọ́n sì jẹ òkèlè ńlá lé e. Ibẹ̀ ni ara ti já wọn jù sílẹ̀.

Àlàyé tó dùn létí nìyí, ṣùgbọ́n àlàyé dídùn kì í ṣe ẹ̀rí. Mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ibí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta oògùn afúnnilókun kì í fẹ́ kí á dúró sí. Púpọ̀ nínú àwọn tí àìsàn yìí ń mú ni ara wọn ń padà bọ̀ sípò bópẹ́bóyá. Bí dókítà bá fún gbogbo wọn ní B1, tí gbogbo wọn sì dìde, ta ni yóò mọ̀ bóyá B1 ló gbé wọn dìde? Bí ó bá jẹ́ àgbo ni wọ́n mu, wọn ì bá dìde náà. Adámọ́lẹ́kún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àwọn aláìsàn sọ́nà méjì. Apá kan gba thiamine, apá kejì gba oògùn àfarawé tí kò ní nǹkan kan nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tó ń gbé mì, ẹni tó ń wo bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń gún sí i lójoojúmọ́ náà kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n tú u wò, àwọn tó gba thiamine ló tètè gbádùn jù. Inú ìwé ìròyìn Neurology ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, ní 1994. Oògùn oníhóró tí kò wọ́n ni o.

Lójú tèmi, ìwádìí tí a ṣe sórí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n yìí sàn ju ọgọ́rùn-ún ìpolówó oògùn lórí rédíò lọ. Ó fi hàn wá pé B1 ń wo ẹni tí B1 tán lára rẹ̀. Kò sọ pé ó ń fi agbára kún ẹni tí ó tó lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárín gbólóhùn méjì yìí ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọnù sí.

Ẹ bá mi dé kẹ́mísìtì èyíkéyìí lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Ìwàrò-Ọ̀kà. Obìnrin kan á wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. "Bùrọ̀dá, ẹ bá mi wo fítámì tó ń múni jẹun, ọmọ yìí kì í jẹun rárá." Bùrọ̀dá á na ọwọ́ sẹ́yìn, á gbé omi oògùn kan wá. Bí ẹ bá ka ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀, ẹ lè rí B1, B2, B6 níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí ẹni tí ebi ń pa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé cyproheptadine ló wà nínú rẹ̀, oògùn ara-yínyún tó máa ń múni jẹun, tó sì máa ń múni tòògbé. Fítámì kan kò sí nínú ìyẹn. Fítámì B1 máa ń dá ìfẹ́ oúnjẹ padà fún ẹni tí àìsí rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ọmọ tí ibà tàbí aràn ń bá jà, ibà àti aràn náà ni kí á tọ́jú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìtọ̀ tó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ìtọ̀ bá ti pọ́n lẹ́yìn tí wọ́n lo Bíkọ́ńpúléèsì, ìyẹn alápapọ̀ fítámì B, oògùn ti wọnú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. B2 ló ní àwọ̀ ọsàn náà, èyí tí ara kò lò ló sì ń dà síta. B1 náà ń bá omi lọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Bí a bá gbé ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù mì lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ ni ìfun ń rí gbà nínú rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro kí B1 tó pa ènìyàn lára, ìyẹn náà ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ owó tí à ń tọ̀ dànù.

Ẹ tún jẹ́ kí á mọ̀ pé Bíkọ́ńpúléèsì àti thiamine tí dókítà ń kọ kì í ṣe ọ̀kan náà. B1 tó wà nínú hóró Bíkọ́ńpúléèsì kékeré kì í sábà ju mílígíráàmù kan sí márùn-ún lọ, ìyẹn sì tó fún oúnjẹ ọjọ́ kan, nítorí ohun tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́ kò ju mílígíráàmù kan àti díẹ̀ lọ. Aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú nílò jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Thiamine ti ìwòsàn máa ń jẹ́ ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ìwòsàn tọ́ sí tó ń ra hóró kékeré lójú pópó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ti àwọn alápapọ̀ B1, B6 àti B12 tí wọ́n ń tà fún ẹsẹ̀ tó ń kú tipiri tún lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ: B6 tó pọ̀ jù, tí a ń lò fún oṣù tó gùn, òun fúnra rẹ̀ lè ba iṣan jẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta á bí ẹní tẹ èèrà, kó kọ́kọ́ lọ yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò.

Ta wá ni B1 tọ́ sí gẹ́gẹ́ bí oògùn? Àkọ́kọ́ lójú tèmi ni aláboyún tí èébì kò jẹ́ kó gbádùn. Kì í ṣe èébì òwúrọ̀ tó ń lọ bí oòrùn bá yọ. Ti ẹni tí ohunkóhun kì í dúró nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, tó ń rù. Ohun tó wà lára rẹ̀ ti ń tán, ọmọ inú rẹ̀ sì ń pín in lò. Bí ojú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan méjì-méjì, tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, kì í ṣe oyún ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́. Àìsí B1 ti kan ọpọlọ nìyẹn, àìsàn tí wọ́n ń fi orúkọ Carl Wernicke ará Jámánì pè, ẹni tó kọ nípa rẹ̀ ní 1881. Bí abẹ́rẹ́ thiamine bá tètè dé, ojú lè wálẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Bí ó bá pẹ́, ìrántí ènìyàn lè lọ, kó má padà mọ́.

Lẹ́yìn tirẹ̀ ni ọ̀mùtí. Ẹni tó ń fi ògógóró tàbí páráàgà ṣe oúnjẹ àárọ̀, ọtí náà kò ní B1 nínú, kò sì jẹ́ kí ìfun gba ìwọ̀nba tó bá jẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ará ilé á rí i tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ tí wọ́n á sọ pé ó ti tún mu yó, nígbà tó jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ló ń kú lọ. Àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ikùn tí wọn kò lè jẹun, àwọn tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́, àti àwọn aláìsàn ọkàn tó ń lo oògùn tí ń mú wọn tọ̀ lójoojúmọ́, gbogbo wọn ló yẹ kí dókítà rántí B1 fún. Ọmọ ọwọ́ kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Ní Ísírẹ́lì, ní 2003, wàrà oníṣóyà kan jáde sọ́jà tí B1 kò sí nínú rẹ̀ bó ṣe yẹ kó wà. Àwọn ọmọ ọwọ́ kan kú, àwọn mìíràn tó yè é sì gbé ìpalára ọpọlọ dàgbà. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ṣe wàrà náà, orílẹ̀-èdè tó mọ ìṣègùn dáadáa ni wọ́n sì ti fún àwọn ọmọ náà mu.

Ọ̀rọ̀ dírípù wà níbẹ̀ tó ká mi lára. Àwa ènìyàn wa fẹ́ràn dírípù. Bí ó bá ti rẹ̀ wá díẹ̀, omi ni kí wọ́n fà sí wa lára, omi glúkóòsì sì ni a mọ̀ jù. Ẹ rántí pé ṣúgà ló ń lo B1. Ẹni tí B1 rẹ̀ ti tán, bí wọ́n bá da ṣúgà sí i lára lójijì láìfi thiamine ṣáájú tàbí kí wọ́n fi kún un, díẹ̀ tó kù lè tán pátápátá, ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé sì lè di ẹni tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé kí wọ́n fi ìtọ́jú ẹni tí ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀ falẹ̀ o. Kí méjèèjì wọlé pọ̀ ni. Àwọn nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ mọ èyí. Àwọn tí ń fa dírípù kiri ilé, tí wọ́n ń gbé báàgì aláwọ̀ dúdú lórí ọ̀kadà, ni mi ò fọkàn tán.

Ìtàn bí ayé ṣe mọ B1 kún fún ìwádìí oúnjẹ bí ti Ìkàrẹ́. Ní 1883, ọkọ̀ ojú omi ogun Japan kan, Ryujo, wà lẹ́nu ìrìn àjò jíjìn pẹ̀lú atukọ̀ 376. Àìsàn bẹ̀ríbẹ̀rí, èyí tí àìtó B1 ń fà, mú 169 nínú wọn, 25 sì kú. Takaki Kanehiro, dókítà wọn, ní kí ọkọ̀ kejì, Tsukuba, gba ọ̀nà kan náà ní 1884, ṣùgbọ́n kí wọ́n dín ìrẹsì funfun kù, kí wọ́n fi ẹran àti wàrà kún oúnjẹ. Kò sí ẹni tí bẹ̀ríbẹ̀rí pa. Takaki rò pé èròjà amáradàgbà ló ṣe é. Kì í ṣe òun, ṣùgbọ́n àwọn atukọ̀ yè. Lẹ́yìn rẹ̀, Christiaan Eijkman, ará Netherlands tó ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Java, rí i pé ẹsẹ̀ àwọn adìyẹ rẹ̀ rọ nígbà tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì funfun àjẹkù ilé ìwòsàn, wọ́n sì gbádùn nígbà tí alásè tuntun kọ̀ láti fi ìrẹsì àwọn ọmọ ogun bọ́ adìyẹ. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1929. Ní 1936 ni Robert Williams rí ọ̀nà láti ṣe B1 nínú yàrá ìwádìí, òun ló sì jẹ́ kó di oògùn tí tálákà lè rà. Ní àwọn ọdún 1930 yìí kan náà, ẹsẹ̀ àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ọkùnrin kan ń sìn ní Minnesota ní Amẹ́ríkà rọ lẹ́yìn tó fi ẹja tútù bọ́ wọn. Thiaminase ló wà nínú ẹja náà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Minnesota àti ọmọ Ìkàrẹ́, ohun kan náà ló ṣe wọ́n.

Nínú ìdáná tiwa, a kò nílò kòkòrò kí B1 tó sọnù. Ẹ̀wà ni ọlọ́rọ̀ B1 tó sún mọ́ wa jù. Ife ẹ̀wà jíjinná kan lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ènìyàn nílò lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń sè é. Omi àkọ́kọ́ hó, a dà á nù, B1 bá a lọ. Ẹ̀wà kò tètè rọ̀, gáàsì sì wọ́n, a ju kán-ún sí i. Kán-ún máa ń mú ẹ̀wà rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kán-ún pẹ̀lú ooru máa ń pa B1 gan-an. Ẹni tó bá fi omi rẹ ẹ̀wà mọ́jú, tó sì sè é láìfi kán-ún sí i, kò ní lo gáàsì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́ínmọ́ín àti àkàrà sàn ju ẹ̀wà oníkán-ún lọ fíìfíì. Ìrẹsì ọ̀fadà tí a kò lọ̀ funfun jù sàn ju èyí tó ń dán lọ, nítorí inú èèpo ni B1 wà. Ìrẹsì tí wọ́n bọ̀ kí wọ́n tó pa á náà kò burú, B1 èèpo ti wọ inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ọ́. Ògì tí a sẹ́ dáadáa, tí ó funfun, tí ó ń yọ̀ lọ́fun, ìdajì oore rẹ̀ ti bá eèrí lọ sẹ́nu ewúrẹ́. Ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí ń ṣèrànwọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ ló ní B1 jù nínú ẹran, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkàrẹ́ kò ní gbọ́ ìyẹn sétí.

Ó hàn gbangba, nígbà náà, pé ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tó ń jẹ ẹ̀pà, tí kì í mutí, tí èébì kò sì mú, kò nílò kó máa ra fítámì B1. Kó fi owó rẹ̀ ra ẹyin.

Ní ti kòkòrò sányán, àwọn tó ṣèwádìí kò sọ pé kí á má ṣe jẹ ẹ́. Wọ́n lọ bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀, wọ́n sọ fún wọn ohun tó wà nídìí àìsàn náà, iye àwọn tí ń gbé ara gbígbọ̀n wá sí ilé ìwòsàn sì dín kù. Adámọ́lẹ́kún kọ èyí sílẹ̀ ní 1995. Nishimune náà gbà pé kòkòrò náà lè jẹ́ oúnjẹ rere bí wọ́n bá sè é jinná délẹ̀délẹ̀. Yíyan nínú yanrìn kò tó. Kí wọ́n sè é nínú omi fún ìgbà tó gùn kí wọ́n tó dín in, kí wọ́n má sì fi ẹ̀bà nìkan jẹ ẹ́. Bí ẹ̀wà bá wà nílẹ̀, kí ó bá a wọ àwo.

Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá bì lásìkò òjò, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gún, ẹ má ṣe gbé e lọ sí ibi tí wọn yóò ti wádìí ta ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkàrẹ́ tàbí Ìwàrò-Ọ̀kà, ẹ sọ gbogbo ohun tó jẹ lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn láìfi ìkankan pamọ́, kòkòrò àti ọtí pẹ̀lú, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ bi dókítà pé: "Ṣé kò ní nílò thiamine báyìí, kí ẹ tó fa dírípù?"